Bí Asofẹ́yẹjẹ Ṣe Gba Orúkọ

Àsàbí, gbé àdá yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o gbé e sílẹ̀, àbí etí rẹ ti di ni? Mo ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ láti ìta: ẹyẹ ń jẹ lórí igi yẹn, wọ́n ń yàgbẹ́ sórí èlùbọ́ tí o sá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, o ti lé wọn títí apá ń ro ọ́, o wá fẹ́ gé igi náà kí gbogbo wa sinmi. Ta ni igi bẹ̀ pé kó wá sá èlùbọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun? Ṣé kò sí ibòmíràn tí oòrùn ń ràn dé ní gbogbo àyíká àgbẹ̀dẹ yìí ni?

Ó dáa, òjò ti bá wa parí ìjà. Kó èlùbọ́ rẹ wọlé kíákíá. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sún mọ́ ìdí iná, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àgbà. Ògúnrìndé, alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ mi, jọ̀wọ́ fi ẹwìrì yẹn sílẹ̀ ná, n kò lè máa bá afẹ́fẹ́ du ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó jáde sínú òjò kó lọ fi bọ́jú. Èmi Ọdẹ́jìnmí kì í sọ ìtàn fún ẹni tó ń tòògbé.

Ẹ wo igi náà dáadáa láti ẹnu ọ̀nà yìí. Kò ga, kò sì tóbi. Ewé rẹ̀ yí ẹ̀ka rẹ̀ ká, tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, oje funfun á jáde, èso rẹ̀ pupa, kò sì sí ọmọ ènìyàn tó ń jẹ ẹ́. Asofẹ́yẹjẹ. Ẹ ń pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé orúkọ náà bá igi wá sáyé. Irọ́ ni. Àkókò kan wà tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ igi yìí, èmi tí mo jókòó síwájú yín yìí ni mo sì lọ gba orúkọ náà wá. Èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà kúrò lọ́nà!

Kí lo wí, Àsàbí? Pé lọ́dún tó kọjá mo ní èmi ni mo yà fún ẹfọ̀n? Ẹfọ̀n mìíràn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lára Àyọ̀ká, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ìyá Àsàbí yìí ni mò ń sọ. Kò fi í pamọ́ fún ọmọ rẹ̀, nítorí náà èmi náà kò ní fi í pamọ́ fún yín. Kò pẹ́ tí Àyọ̀ká bí Àsàbí ni oorun kọ̀ ọ́. Tí a bá tẹ́ ẹní fún un, á ká a. Tí a bá gbé ọmọ fún un, á wo ojú ọmọ náà, á béèrè pé ọmọ ta nìyí, kí ló dé tí wọn kò tètè wá gbé e. Á máa bá ògiri jiyàn, á máa fi ìkà halẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Nígbà tó wá ń sá jáde láì wọ aṣọ, ilé ní kí a so ó mọ́ òpó. Èmi ni wọ́n sì pè pé kí n wá ta kókó okùn náà, nítorí kókó ọdẹ kì í tú bọ̀rọ̀. Mo ti so ẹran tó pọ̀ láyé mi, n kò so ènìyàn rí. Mo ta á. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ìhà ọjà ni Àyọ̀ká máa ń fa okùn náà sí. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ni ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nílé, a ṣì lè wò ó. Lọ́jọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọjà, ó di ti ọjà nìyẹn, kò sí oníṣègùn tó máa gbà á mọ́. Ọjà ọdún sì ń bọ̀, ọjọ́ tí ìlú máa ń kún, tí ariwo ọjà á wọ ilé bá arúgbó lórí ẹní, tí kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ jókòó sílé ṣọ́ okùn.

Igi yìí kan wà ní ààlà oko wa. Bàbá wa àgbà máa ń wú gbòǹgbò rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún á sì sùn, orí rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé àti gbòǹgbò kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò bá pè wọ́n lórúkọ kó tó já wọn. Bàbá wa àgbà sì jẹ́ ẹni tó háwọ́, ilẹ̀ ló máa ń sọ orúkọ náà sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì gbé e lọ sí ọ̀run. Bàbá mi wú gbòǹgbò náà, ó pè é ní Awonisàn, ó sè é, ó fún Àyọ̀ká mu. Ó ṣe bí omi lásán. A tún pè é ní Amóorunwá, a pè é ní Atúnrí-ẹni-ṣe, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúkọ pa igi náà. Àyọ̀ká mu gbogbo rẹ̀ tán, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri jà.

Bàbá mi wá pè mí. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, lẹ́yìn Igbó Ìdákẹ́ ni Ìyá Ewé ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ewé ti ń gba orúkọ. N kò mọ ẹni tó lọ tó bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń fọ́nnu ní ìlú yìí." Ẹ gbọ́ bí bàbá ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́! Mo gé ẹ̀ka kan tó ní èso, mo fi àkísà tútù wé e, mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, mo kọrí sí igbó.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Mo rìn, mo dé.

Nínú Igbó Ìdákẹ́, kò sí ohun tó ń dún. Mo sín, n kò gbọ́. Mo ta ẹsẹ̀ mọ́ kùkùté, mo ké, ẹnu mi là, ó pa dé, kò sí nǹkan kan. Mo yin ìbọn wò, iná jáde, èéfín jáde, ohùn kò jáde. Ọdẹ tí kò lè gbọ́ ìró igbó ti fọ́jú tán, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ibẹ̀ ni iwin kan ti jáde sí mi. Orí rẹ̀ ní ojú, ó ní imú, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ẹnu wà dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Àyà rẹ̀ ni ẹnu wà, ẹnu gbígbòòrò, eyín kún ibẹ̀. Ẹlẹ́nu-Láyà ni wọ́n ń pè é. Kì í wọ ẹ̀wù, ìbáà jẹ́ nínú ọyẹ́, nítorí tó bá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń dún ní gbogbo igbó náà, tó bá sì bi ọ́ léèrè, ohùn tìrẹ náà á jáde títí o fi máa dáhùn tán.

Ó ní, "Sọ ohun kan fún mi tí o ṣe tí kò mú èrè kankan wá fún ọ. Ẹnu ibodè mi nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn kò le. Mo ní mo pa ẹkùn kan tó ń kó àwọn ará abúlé kan jẹ. Ó ní ta ló gbé awọ rẹ̀. Mo ní èmi ni. Mo ní mo yọ ọmọ kan nínú odò. Ó ní kí ni bàbá ọmọ náà fún mi. Mo ní àgbò ni, àgbò náà kò tiẹ̀ sanra. Mo ní mo fún alágbe kan níṣu méjì. Ó ní kí ni mo sọ fún alágbe náà. Mo ní mo ní kó máa ṣàdúrà fún mi.

Ó ní, "Gbogbo ohun tí o ṣe láyé ló ní ìrù, ọwọ́ rẹ ni ìrù náà sì wà."

Inú bí mi. Mo kì í mọ́lẹ̀. Ẹ ò rí ìjàkadì bẹ́ẹ̀ rí! Mo gbé e, ó gbé mi, mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó fi eyín àyà rẹ̀ gbá mi lẹ́wù mú, ó jù mí sínú ẹ̀gún, mo dìde, ó tún jù mí síbẹ̀. Nígbà tó yá ó jókòó lé mi láyà, ó ń sinmi bí ẹni tó jókòó sórí àpótí. Mo wá sọ fún un pé àbúrò mi wà lórí okùn nílé, pé ọjà ọdún ń bọ̀. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo kàn sọ ọ́ fún un ni. Ẹ̀yin ẹ máa rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́.

Ó dìde kúrò lórí mi. Ó ní, "Máa lọ. Ọ̀nà kan náà ni wàá gbà padà. Tí o kò bá rí ọ̀kan sọ fún mi nígbà náà, ọ̀dọ̀ mi lo máa gbé."

Ìlú tó tẹ̀lé igbó yẹn ni Ìlú Ìwúlò. Ilé wọn dára, títì wọn mọ́, ìgboro wọn kò ní ìdọ̀tí ẹyọ kan. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ibodè kí mi, ó ní Aṣílẹ̀kùn ni orúkọ òun. Ó mú mi kọjá lọ́dọ̀ Apọnmi tó ń pọn omi, Agbálẹ̀ tó ń gbálẹ̀, Adáná tó ń fẹ́ná. Ọba wọn ń jẹ́ Ajókòó. Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀, mo rí i lójúkorojú, ìjókòó ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ajókòó bi mí léèrè, "Kí ni a lè fi ọ́ ṣe?"

Mo ní ọdẹ ni mí. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sọ mí ní Apẹranfúnwa, wọ́n fún mi ní ilé, wọ́n fún mi ní oúnjẹ, wọ́n sì ti ibodè. Mo ń dẹ igbó wọn, wọ́n ń jẹ ẹran, gbogbo ìgbà tí mo bá ní mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n ń sọ pé, "Ta ló máa wá pẹran fún wa?" Ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ mi ti ń rọ. Mo ń ronú kan Àyọ̀ká.

Mo wá ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n á gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì tì í gba ẹ̀yìn odi jáde. Kí ni mo ṣe? Mo mọ̀ọ́mọ̀ tàsé. Mo ta ìbọn sí ìgalà tó dúró níwájú mi, ọta lọ sí òkè. Mo ta á sí òkété, ọta wọ ilẹ̀. Èmi! Ojú tì mí, n kò tíì gbádùn ara mi títí dòní lórí ọ̀rọ̀ òkété yẹn. Àsàbí, má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọ́n ta mí nù bí eérú, ohun tí mo sì ń wá nìyẹn.

Lẹ́yìn odi, àwọn arúgbó jókòó sí eruku, wọn kò ṣe nǹkan kan, wọn kò pe ara wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, ìyá." Ó gbé orí sókè, ó ń wá ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ pe òun nísinsìnyí, "ìwọ ọ̀hún" ni wọ́n máa ń pe òun, ìgbà tí wọ́n bá sì fẹ́ kí òun sún sẹ́yìn nìyẹn. Ó fọwọ́ pa ẹ̀ka igi mi, ó mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn ènìyàn ìlú òun ti sọ igi yẹn ní Amúnisùn nígbà kan, ó gbẹ mọ́ wọn lójú, wọ́n sì ní kò wúlò. Ó fi ọ̀nà ilé Ìyá Ewé hàn mí. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń kánjú, mo dìde, mo lọ.

Ìyá Ewé kéré, ẹ lè gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Koríko ni irun orí rẹ̀, koríko náà sì ń tanná. Ó jókòó sídìí àwo omi kan bí ìgbà tí àwọn ìyá wa bá jókòó nídìí àwo omi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbé ẹ̀ka mi kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ìyá, kí ni wọ́n ń pe èyí?

Ó ní, "Èmi kì í sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Ẹni tó gbé ọmọ wá ló ń mú orúkọ wá, tèmi ni láti bi ọmọ bóyá ó gbà. Orúkọ wo lo mú wá?"

Mo da gbogbo tiwa sílẹ̀: Awonisàn, Amóorunwá, Atúnrí-ẹni-ṣe. Mo tiẹ̀ tún ṣe ọ̀kan tuntun, mo ní Agbàyọ̀ká. Bí mo ṣe ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ń wọ́n omi sí ẹ̀ka náà, bẹ́ẹ̀ ni ewé rẹ̀ ń rọ sí i.

Ó bi mí pé, "Lọ́jọ́ tí ẹ máa sọ ọmọ lórúkọ nílé yín, kí ni ẹ máa ń wò?"

Mo ní a máa ń wo bí wọ́n ṣe bí i, bóyá ọ̀nà ni wọ́n bí i sí tàbí ọjọ́ òjò, bóyá ayọ̀ ló bá nílé tàbí ọ̀fọ̀.

Ó ní, "Èwo lo wá wò lára èyí? Gbogbo orúkọ tí o mú wá, ìṣòro ilé rẹ ló wà nínú wọn. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀."

Ó ri ẹ̀ka náà mọ́ ilẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀. Ojú mi báyìí ló ta gbòǹgbò, ó yọ ewé, ó tanná funfun kéékèèké, ó so, èso náà pọ́n. Ìyá Ewé ní, "Jókòó. Wò ó. Má ṣe nǹkan kan." Ó wọlé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ kò lè mọ irú wàhálà tí obìnrin yẹn kó mi sí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé tí igi bá ti so, ìdí rẹ̀ ni kí ọdẹ lọ ba sí, torí ẹran ń bọ̀ wá jẹ. Mo jókòó. Ebi ń pa mí. Àdàbà kan bà, ó sanra, ó kọ igbáàyà rẹ̀ sí mi. Kí n tó mọ̀, ìbọn ti wà léjìká mi, ó ti dún, àdàbà ti já bọ́. Ta ló máa rí i tí kò ní yìnbọn? Ẹ dákẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ mọ̀ pé gbogbo yín lẹ máa yìn ín.

Igi náà wọ́ èso rẹ̀, ó wọ́ òdòdó rẹ̀, ó wọ́ ewé rẹ̀, ó di igi gbígbẹ ṣánṣán. Ìyá Ewé yọjú láti fèrèsé. Kò bá mi jà. Ó ní, "Lónìí, ìbọn ló so fún. Ṣé orúkọ tí o fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn?" Ó tún wọlé.

Igi náà tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò kánjú mọ́. Bí igi ṣe ń dàgbà lóko gan-an ló ń dàgbà. Ewé kan á yọ, á tún dúró ná. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń rò ó pé wọ́n ti ń tún ìsọ̀ ṣe fún ọjà ọdún nílé, pé kókó tí mo ta ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ fi ọwọ́ fa ewé náà jáde. Mo fẹ́ bú igi. Ní ìgbẹ̀yìn mo gbé ìbọn mi, mo fi kọ́ ẹ̀ka rẹ̀ gan-an, kí ọwọ́ mi má baà tún kó mi sí ìyọnu, mo jókòó sí ilẹ̀, mo kó ẹsẹ̀ mi jọ, mo ń wò.

Èso pọ́n. Ìbákà ló kọ́kọ́ dé, ó bà lé ẹnu ìbọn mi. Ẹ̀ga dé pẹ̀lú ariwo wọn, ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ dé, àdàbà tún dé, ọ̀kan lára wọn sì dúró lórí fìlà mi tó ń jẹun. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣu sí mi lára, omi èso pupa ń kán sí mi létí. Kò sí èyí tó dúpẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fò lọ, igi náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tanná bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wò ó títí. N kò rò ó tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn jáde lẹ́nu mi ni.

Mo ní, "Ìwọ igi yìí, o kàn ń so fẹ́yẹ jẹ ṣá."

Gbogbo ewé rẹ̀ gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́.

Ìyá Ewé ti dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ó ti jẹ́ ẹ. Asofẹ́yẹjẹ. Tí o bá délé, kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tirẹ̀ kí i, kí o tó wá rán an níṣẹ́ tìẹ." Mo dọ̀bálẹ̀, mo já ìbọn mi sílẹ̀ lórí ẹ̀ka, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Eré ni mo ń sá nígbà tí mo dé ẹ̀yìn odi Ìlú Ìwúlò. Obìnrin Aránṣọ ọjọ́sí ṣì jókòó níbẹ̀. Mo kọjá rẹ̀. Mo tún padà. Ẹ má bi mí ìdí, n kò mọ̀ ọ́n dòní. Mo ní, "Ìyá, nígbà tí kò sí ẹni tó ń rán yín níṣẹ́, kí lẹ máa ń ṣe?"

Ó rò ó pẹ́ títí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí òjò bá ń rọ̀, òun máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ṣì máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun a máa fi ọwọ́ bò ó, torí àwọn ará ìlú.

Mo pè é: "Arẹ́rìn-ínlójò!"

Ó ní, "Hùn!" Ó dáhùn báyẹn, bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn arúgbó yòókù gbé orí sókè. N kò dúró wo ìyókù.

Ẹlẹ́nu-Láyà ti ń dúró dè mí. Ó ní, "Sọ ọ́."

Mo ní mo jókòó sídìí igi, mo wo ẹyẹ títí wọ́n fi jẹun tán. Ó ní, "O gba orúkọ níbẹ̀. Ìrù rẹ̀ nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Ìgbà náà ni mo rántí, mo ní mo sọ arúgbó kan lórúkọ lójú ọ̀nà.

"Kí ló fún ọ?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan. Ó tiẹ̀ dá mi dúró, mo sì ń kánjú."

Ó na ọwọ́, ó yẹ ọwọ́ mi méjèèjì wò, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Kọjá."

Bí mo ṣe ń wọ ìlú ni mo ń gbọ́ ariwo ọjà. Ọjà ọdún ni. Mo yà sílé, ilé dá wáí. Okùn wà nídìí òpó, ibi tó já kò sí níbi kókó, ó fi eyín jẹ ẹ́ já. Mo sáré gba ọ̀nà ọjà, mo ń ké orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo rí i ní ibi tí ọ̀nà ti pín sí ọjà, níbi tí ẹ ti lè rí orí ìsọ̀ àkọ́kọ́. Igi yìí kan wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n, ó ṣì wà níbẹ̀. Àyọ̀ká dúró sábẹ́ rẹ̀, ìyókù okùn wà nídìí rẹ̀, ọjà ń hó níwájú rẹ̀, kò sì wo ọjà. Òkè ló ń wò. Igi náà so, ẹyẹ kún orí rẹ̀. Mo pè é, "Àyọ̀ká!"

Ó yíjú sí mi. Ó fi ìka lé ètè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ẹ má lé wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí mo ti so ó, kò mọ̀ mí, ọlọ́ṣà ló máa ń pè mí. Mo jókòó sí ilẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà, èmi ọdẹ, mo sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn ẹyẹ jẹun tán, mo kúnlẹ̀ sídìí igi náà. Mo ní, "Asofẹ́yẹjẹ, o kú iṣẹ́ ẹyẹ." Ó gbọ̀n. Mo wú gbòǹgbò rẹ̀ níwọ̀nba tí mo nílò, mo bò ó padà, mo di ọwọ́ àbúrò mi mú, a fi ẹ̀yìn sí ọjà, a lọ sílé. Ó mu ún. Ó sùn. Ọjà tú, ó ń sùn. Wọ́n gbálẹ̀ ọjà tán, ó ṣì ń sùn, mo sì jókòó tì í, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. Nígbà tó jí, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo òsì, ó fọwọ́ kan ọmú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi dà?"

Wọ́n gbé ọ dé, Àsàbí. O ń ké bí ewúrẹ́. Ìyá rẹ gbà ọ́, ó fún ọ lọ́mú, kò béèrè pé ọmọ ta ni.

Mo ti sọ tèmi. Ògúnrìndé, o lè fẹ́ ẹwìrì rẹ padà, ìwọ tí o ti ń wò ó bí ìyàwó àfẹ́sọ́nà láti àárọ̀. Òjò ti dá. Àwọn olóríire yẹn náà ti padà sórí igi, ẹ gbọ́ ariwo wọn.

Àsàbí, níbo lò ń gbé ẹní èlùbọ́ yẹn lọ? Iwájú ilé? Ó dáa. Oòrùn dé ibẹ̀ náà. Dúró, jẹ́ kí n bá ọ di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.